Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, àti èyí kékeré tó ń tú àṣírí rẹ̀

Ọjọ́ kẹrin tí mo gbé ẹ̀rọ náà wálé ni Bọ́lá, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣí ìdérí ẹ̀yìn, ó wò ó títí, ó ní, "Màámi, ṣé bí ọ̀rá yìí ṣe máa wà níbẹ̀ nìyí?" Asẹ́ tó yẹ kó máa sẹ́ afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá! Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni fáànù fi ń yí, tí ariwo ń sọ, tí afẹ́fẹ́ kankan ò gba inú asẹ́ kọjá. Èmi tí mo ti ń pe gbogbo ẹni tó bá yà sọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n wá mí sínú kí wọ́n gbádùn. Ọkọ mi tiẹ̀ ti jẹ́rìí sí i pé oorun òun dùn sí i.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìtìjú yìí ṣáájú. Tí ẹ bá ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ nípa irú ẹ̀rọ báyìí, "ọjọ́ kìíní ni mo ti rí ìyàtọ̀" ló pọ̀ jù níbẹ̀, èmi náà ì bá sì ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun téèyàn bá ti náwó lé lórí, ọkàn kì í fẹ́ gbà pé kò ṣiṣẹ́. Mo wá dúró fún oṣù mẹ́sàn-án, mo sì ra ohun kékeré kan tó ń ka iye eruku inú afẹ́fẹ́, kí n lè rí ẹni tí kò ní bá mi sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú.

Aránṣọ ni mí. Yàrá kan nínú ilé wa ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ásímà sì ti ń bá mi gbé láti kékeré. Ẹ̀yin náà ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Òwú tó ń bú jáde lára aṣọ tí mo bá ń gé, eruku aṣọ tí oníbàárà ti ká sínú àpótí fún ọdún mélòó kan, èéfín tó bá ti kíṣìnnì wá: kò sí èyí tí kì í bá mi jà. Tó bá di òru, àyà mi á máa súfèé bíi pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ga dé orúnkún mi, ó rí roboto bí ìlù tí wọ́n gbé nàró. Fáànù kan ni, asẹ́ kan ló yí i ká. Ẹni tó bá ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjà ló ń tà. Asẹ́ yẹn gan-an ni ẹ ń sanwó fún, irú tí wọ́n ń pè ní HEPA. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni iṣẹ́ lórí irú asẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, kí eruku olóró má baà bá afẹ́fẹ́ jáde síta. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ níbẹ̀ ni pé kó mú ó kéré tán 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún eruku tó fẹ̀ tó 0.3 máíkírónì. Irun orí èèyàn kan ṣoṣo fẹ̀ tó nǹkan bí 70 máíkírónì, ẹ fi wé e. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé eruku tó bá kéré ju 0.3 lọ á yọ́ kọjá, bí ọmọ ẹja ṣe ń yọ́ nínú àwọ̀n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kéré gan-an kì í rìn tààrà, ńṣe ni wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, wọ́n á sì forí sọ òwú asẹ́ kí wọ́n tó jáde. Èyí tó tóbi náà kò rí ọ̀nà gbà. Ó wá ku àwọn tó wà ní nǹkan bí 0.3 tí wọ́n nira jù láti mú, òun ni wọ́n ṣe ń fi dán asẹ́ wò. Tí ẹ bá rí "irú HEPA" tàbí "bíi HEPA" lára páálí, ẹ bi wọ́n léèrè pé mélòó nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bi ní ọjà kò fèsì, mo bá kọjá lọ.

Wọ́n kọ CADR 240 sára páálí tèmi. Ìyẹn ni pé kúbíìkì mítà 240 afẹ́fẹ́ mímọ́ ni ẹ̀rọ náà lè tú jáde láàárín wákàtí kan. Mo fa teepù mi yọ, ṣebí ìwọ̀n gbígbà niṣẹ́ mi. Yàrá iṣẹ́ mi jẹ́ mítà 4 lóròó, mítà 4 níbùú, àjà rẹ̀ ga ní mítà 2.7, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kúbíìkì mítà 43 ó lé díẹ̀. Tí ẹ bá pín 240 sí 43, á lé ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún tí ẹ̀rọ lè sẹ́ gbogbo afẹ́fẹ́ yàrá náà ní wákàtí kan. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún náà ni wọ́n sì sábà máa ń ní kéèyàn lépa. Inú mi dùn, mo sanwó.

Ohun tí wọn ò kọ sára páálí ni pé ìpele tó ga jù ló ń mú 240 wá, ìpele yẹn sì ń pariwo ju ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ. Kò sẹ́ni tó lè sùn tì í. Ní ìpele òru, ìwé tó bá a wá ní 60 ni. Kò pé ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀ ní wákàtí kan! Tó bá jẹ́ pé mo mọ̀ ni, èyí tó wà fún yàrá tó tóbi ju tèmi lọ ni ǹ bá rà, kí n máa lò ó ní ìpele àárín. Bí a ṣe ń gé aṣọ ọmọdé ni: ẹ fi àyè sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dé orí èyí kékeré. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, iná léésà kan wà nínú rẹ̀ tó ń tàn sí afẹ́fẹ́ tó bá gba ibẹ̀ kọjá, ó sì ń fi bí iná náà ṣe ń fọ́n ká ṣírò iye eruku tó wà níbẹ̀. Òǹkà PM2.5 ni mo máa ń wò, ìyẹn eruku tí kò fẹ̀ ju máíkírónì 2.5 lọ, èyí tó lè wọlé dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé kó má ju máíkírógíráàmù 15 nínú kúbíìkì mítà kan lọ ní ọjọ́ kan, àti pé ká máa lépa 5 tí a bá ṣírò ti ọdún pọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń fi ọwọ́ rán ọrùn aṣọ kan, òǹkà jẹ́ 9. Ọkọ mi wà ní kíṣìnnì, epo ń ta lórí iná, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Mo gbójú sókè, ó ti di 40. Mo yí aṣọ sí òdìkejì, ó ti di 112. Kí n tó gé òwú, 187! Mo bojú wo ẹ̀rọ ńlá: iná iwájú rẹ̀ ń tàn búlúù, ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Búlúù ni wọ́n ní ó túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ mọ́.

Mo ké pe ọkọ mi, mo ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn."

Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, èéfín wo lo rí?"

Lóòótọ́, ojú ò rí èéfín kankan. Mo ti ilẹ̀kùn fúnra mi, mo tẹ ẹ̀rọ dé ìpele tó ga jù, mo sì wo aago. Ìṣẹ́jú 26 ló gbà á kí òǹkà tó padà sí 20. Mo gbé oríyìn fún un, torí nígbà tí mo dán an wò lọ́jọ́ mìíràn láìtan ẹ̀rọ, wákàtí kan kọjá, 90 ló ṣì wà. Ṣùgbọ́n ìgbà kẹta, a tan fáànù tó ń fa èéfín síta lórí ìdáná, a ṣí fèrèsé kíṣìnnì, a pa ilẹ̀kùn yàrá mi dé, òǹkà ò sì kọjá 31 títí wọ́n fi dín ohun tí wọ́n ń dín tán. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú ìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń tan iná ìdáná nílé wa tí kò kọ́kọ́ tan fáànù yẹn, ọkọ mi gan-an ló wá ń pariwo lé ọmọ lórí báyìí.

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà nípa iná búlúù yẹn. Wọ́n ní kí n máa fi òwú nu ojú tó fi ń wo eruku ní oṣù méjì méjì. Mo nù ún, ó sàn díẹ̀: ó ti ń pọ́n nígbà tí òǹkà bá kọjá 100. Ta ló fẹ́ dúró dìgbà yẹn? Mo ti pa ìpele tó ní òun lè dá ara òun darí, ọwọ́ mi ni mo fi ń yí i.

Èyí kékeré náà ní àléébù tirẹ̀ o. Kò mọ omi yàtọ̀ sí èéfín. Tí mo bá ń fi áyọ́ọ̀nù oníná olóoru lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fò dé 300, bẹ́ẹ̀ ooru omi lásán ni. Nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ náà, ó máa ń fi kún òǹkà. Èèyàn á mọ ìwà rẹ̀ tó bá yá.

Bọ́tìnnì kan wà lórí ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ya ewé sí. Wọ́n ní ó ń tú áyọ́ọ̀nì, ìyẹn èérún kékeré tó ní iná mànàmáná lára, jáde kí afẹ́fẹ́ lè dà bíi ti etí odò. Mo bínú sí bọ́tìnnì yìí ju ohun gbogbo lọ. Iná mànàmáná ló fi ń ṣe é, kí eruku lè máa lẹ̀ mọ́ ara wọn àti mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ yẹn lè mú gáàsì tí wọ́n ń pè ní òsóònù jáde. Òsóònù dára lókè sánmọ̀ lọ́hùn-ún, níbi tó ti ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn. Nínú ilé, ẹ̀dọ̀fóró ló ń ta, ti onásímà sì ni ó kọ́kọ́ ń bá. Ìpínlẹ̀ California tilẹ̀ ṣòfin pé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ inú ilé tí wọ́n bá máa tà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ mú òsóònù tó ju 0.050 nínú mílíọ̀nù kan jáde. Mo pa ewé náà. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá yọ wáyà láti gbálẹ̀, tí mo sì tún ti wáyà náà bọ ara ògiri, ewé á ti tàn padà fúnra rẹ̀. Ta ló ní kó tàn? Bọ́lá ti lẹ ìwé kékeré mọ́ ọn, ó kọ "PA MÍ" sí i.

Ibi tó ti ṣe mí lóore tí mi ò lè sẹ́ ni ọ̀rọ̀ òwú. Aṣọ bí àwọ̀n kan wà níta asẹ́, òun ló kọ́kọ́ ń gba ìdọ̀tí. Tí mo bá gé aṣọ onírun fún ọ̀sẹ̀ kan, ohun tó ń dì síbẹ̀ nípọn bí ìrọ̀rí ọmọ ìkókó, àwọ̀ rẹ̀ sì ni àwọ̀ gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́sẹ̀ náà, aró, pupa, eérú. Inú àyà mi ni àwọn yẹn ń gbà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń gbé e jáde síta, mo á bo imú mi, mo á rọra ká òwú náà kúrò bí ẹni ń bọ́ awọ. Ẹ má gbọ̀n ọ́n nínú ilé. Asẹ́ HEPA fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fọ̀ àyàfi tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ẹ lè fọ̀ ọ́. Tèmi kì í ṣe irú rẹ̀. Iná tó ń sọ pé kí ẹ pààrọ̀ asẹ́ ń ka wákàtí ni, kò mọ̀ bóyá aránṣọ lẹ jẹ́ tàbí ẹni tó ń gbé nínú yàrá òfìfo. Asẹ́ mi àkọ́kọ́ ti dúdú bí ìkòkò kí iná yẹn tó tàn. Asẹ́ ilé iṣẹ́ náà nìkan ló sì wọ inú rẹ̀, ẹ bi wọ́n ní iye rẹ̀ kí ẹ tó ra ẹ̀rọ.

Ó ní ìpele èédú tín-ínrín kan tó wà fún òórùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ṣiṣẹ́. Gáàsì ò sì sí lára ohun tí HEPA lè mú rárá. Carbon monoxide, tí kò lóòórùn tí kò sì láwọ̀, tó ń jáde nínú ohunkóhun tí iná rẹ̀ ò bá jó dáadáa, ìdáná ni o, jẹnẹrétọ̀ ni o, á gba inú ẹ̀rọ yìí kọjá bí ìgbà tí kò sí nǹkan níbẹ̀. Aago tó ń ké fún gáàsì yẹn ni oògùn rẹ̀. Tiwa wà lẹ́bàá yàrá tí a ń sùn sí, a máa ń tẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, ọdún tó máa kásẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá ní kí n yan ẹyọ kan láàárín rẹ̀ àti ẹ̀rọ ńlá yìí, mi ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ní oṣù kejì, mo gbé ìròyìn lọ fún nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó ásímà mi. Mo ti múra kó yìn mí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Fóòmù tẹ́ ẹ ń sùn lé ńkọ́?" Ó wá ṣàlàyé fún mi pé àwọn kòkòrò kan wà nínú fóòmù àti ìrọ̀rí tí ojú ò lè rí, awọ ara wa tó ń bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, ìgbẹ́ wọn ló sì ń bá onásímà jà. Ìgbẹ́ yẹn wúwo, kì í pẹ́ lójú afẹ́fẹ́ tó fi ń balẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ tó wà ní igun yàrá ò ní rí i mú. Ìgbà tí ẹ bá fi orí lé ìrọ̀rí ni ẹ ń fà á símú. Ẹ̀rọ mi ò lè ṣe nǹkankan sí i. Ohun tó lè ṣe é ni àpò tó há dáadáa tó ní síípù, tí a ń ti fóòmù àti ìrọ̀rí bọ̀, pẹ̀lú kí á máa fi omi tó gbóná tó 60°C fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Omi tútù á fọ ìdọ̀tí, kò ní pa kòkòrò. Mo rán àpò náà fúnra mi lákọ̀ọ́kọ́, ìgbéraga iṣẹ́ ọwọ́, kí n tó mọ̀ pé aṣọ tó hun dí ju ti ọjà lásán lọ ni wọ́n ń lò àti pé ojú abẹ́rẹ́ mi pàápàá jẹ́ ihò fún wọn. Mo ra ti ọjà.

Àwọn kòkòrò yìí kì í fẹ́ kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ lọ sílẹ̀ ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo wá ra òṣùwọ̀n ọ̀rinrin, ohun kékeré tí kò ní wàhálà. Láti ìgbà náà, a ò tún sá aṣọ tútù nínú yàrá mọ́.

Ohun tó jẹ́ àṣìṣe pátápátá ni ẹ̀rọ tó ń fọ́n ìrì. Afẹ́fẹ́ gbẹ nígbà kan, ọ̀fun ń há mi, mo ra èyí tó ń fi ìgbọ̀n kékeré fọ́ omi sí ìkùukùu, mo bu omi ẹ̀rọ sí i, mo sì lọ sùn. Láàárọ̀, aṣọ àrán dúdú oníbàárà kan tí mo gbé kọ́ ti funfun bí ẹni ku ìyẹ̀fun sí i. Èròjà inú omi ẹ̀rọ ló ń bá ìkùukùu jáde, omi á gbẹ, èròjà á dúró sójú afẹ́fẹ́. Òǹkà jẹ́ 240! Ẹ̀rọ kan ń tú eruku, èkejì ń sẹ́ ẹ, èmi sì ń sanwó iná àwọn méjèèjì. Omi tí wọ́n ti sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ nìkan ló yẹ kéèyàn bu sí irú rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì yẹ kí á máa fọ̀ ọ́. Mo ti dá a padà sínú páálí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò ra ẹ̀rọ kankan. Àpótí Corsi-Rosenthal ló ṣe, èyí tí Richard Corsi àti Jim Rosenthal gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 nígbà tí kòrónà ń jà. Asẹ́ MERV 13 mẹ́rin (MERV ni òṣùwọ̀n bí asẹ́ ṣe ń mú eruku tó) tí a fi téèpù lẹ̀ pọ̀ bí àpótí, páálí nísàlẹ̀, fáànù onígun mẹ́rin lókè tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Ó burẹ́wà, ó gba àyè, ìyàwó rẹ̀ ti bò ó pẹ̀lú aṣọ tábìlì nígbà kan tí àlejò ń bọ̀. Mo gbé òǹkà mi lọ síbẹ̀, ó sì mú èéfín ìyẹ̀wù wọn lọlẹ̀ kíákíá ju bí tèmi ṣe ń ṣe lọ. Mi ò sọ fún un. Ó ti gbéra ga tó.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá àyà mi sàn. Àràárọ̀ ni mo máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ike kékeré tó ń wọn agbára èémí. Èyí tó ga jù tí mo ti fẹ́ rí ni 420. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí, láàárín 330 sí 350 ni mo ń wà, ní báyìí 380 sí 400 ni. 336, ìyẹn ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ti 420, ni ìlà tí wọ́n fà fún mi. Tí mo bá bọ́ sábẹ́ rẹ̀, mi ò ní fi ọjọ́ náà ṣeré. Mi ò lè ní ẹ̀rọ yìí ló ṣe é, torí oṣù kan náà ni mo bo fóòmù, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tan fáànù kíṣìnnì, tí mo sì jáwọ́ nínú gbígbàgbé ínhélà àràárọ̀ mi. Èyí ìkẹyìn yẹn, mo fura sí i gan-an. Mo ti fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, mo ń fi ike gígùn rẹ̀ fà á, mo sì ń fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún ẹ̀rọ ńlá nínú márùn-ún. Ìdajì kan ì bá tún wà níbẹ̀ bí kì í bá ṣe ewé yẹn. Èyí kékeré gba mẹ́rin àti ààbọ̀, áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ ló jẹ ìdajì tó kù. Tí owó yín ò bá ká méjèèjì, èyí kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, òun ló máa sọ fún yín bóyá èkejì wúlò fún yín rárá.

Asẹ́ kẹta dé lánàá. Bọ́lá ló gba páálí náà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fa ọ̀rá rẹ̀ ya kí n tó dé ibẹ̀.